Ọ̀dà Ò Tíì Gbẹ

Orí àkàbà lobìnrin náà wà nígbà tí akunlé kọ́kọ́ rí i. Ó fa téèpù ìwọnṣọ kọjá lórí fèrèsé, ó fi eyín di píìnì mú, ó sì ń fara sún díẹ̀díẹ̀ lọ sára ògiri tí akunlé ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn tán. Ẹwà rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin yìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sí lẹ́nu ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Kó tó rántí pé ó yẹ kí òun kìlọ̀, èjìká aṣọ funfun ti di búlúù.

"Ẹ rí mi tí mò ń sún lọ sára ògiri, ẹ ò lè pariwo?" ni arábìnrin tó ń rán kọ́tìnì náà bi í.

"Mo... mò ń wá bí màá ṣe sọ ọ́ ni."

"'Ọ̀dà ò tíì gbẹ' náà ló di àwátì?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, akunlé náà rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí wọ́n fi jọ ń jẹun ọ̀sán lórí bẹ́ǹṣì kan náà nínú ilé tí wọ́n ń ṣe. Obìnrin ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin ń gbọ́, ìfẹ́ sì ń wọ àwọn méjèèjì lára.

Àmọ́ obìnrin ní bàbá. Aago ni bàbá yìí ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá òpópó, kò sì fẹ́ràn ohunkóhun tó bá dákẹ́. Lọ́jọ́ tí akunlé lọ fi ara rẹ̀ hàn, ó kí i, ó jókòó, ó sì ń wo ilẹ̀ títí tó fi dìde.

"Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n," ni bàbá wí lẹ́yìn tó lọ. "Ọ̀gá tó ń fún un níṣẹ́ ti kó lọ síbòmíràn. Ta ni yóò máa pè é? Bí kò bá lè bá èèyàn sọ̀rọ̀, n ò lè fi ọ́ fún un."

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ fún akunlé, ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n," ló wí fún olólùfẹ́ rẹ̀. "Iṣẹ́ mi ló yẹ kó sọ̀rọ̀ fún mi."

"Akunlé mi, ògiri kì í rìn lọ bá oníbàárà. Máa kí èèyàn. Bi wọ́n ní nǹkan kan, kí o sì dúró gbọ́ èsì."

Ó gbìyànjú. Ẹ wá wo ẹ̀sín! Ó dá ìyá oníbúrẹ́dì dúró lójú ọ̀nà: "Ẹ káàárọ̀ mà, mò ń kun ilé, mò ń kun géètì, nọ́ńbà mi rèé." Ìyá gbé àtẹ rẹ̀, ó sá.

Olólùfẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Ọjà lò ń kiri! Kí wọn ni mo ní kí o kí wọn."

Akunlé yíwọ́ padà. Láràárọ̀, ó ń yà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá, ẹni tí orúnkún ń dùn, kò sì tọrọ nǹkan kan.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Orúnkún yín ńkọ́?"

Lákọ̀ọ́kọ́, "hùn" ni bàbá ń dá a lóhùn. Nígbà tó yá, orúnkún ní ìtàn. Lẹ́yìn orúnkún, ó kan aago ògiri alágídí kan tó ń sáré ju àwọn yòókù lọ. Akunlé náà wá ń sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń bá a jà nítorí ọ̀dà tó ń kù sára ìrọ̀rí, àti àwọ̀ tó ń jẹ́ kí yàrá kékeré fẹ̀ lójú. Ó yà á lẹ́nu pé òun lọ́rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú. Àwọn tó wá gba aago ń dá sí i: tíṣà kan, nọ́ọ̀sì kan, títí kan ìyá oníbúrẹ́dì tó sá fún un.

Lọ́jọ́ kan, kò wá. Nígbà tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà ló bá bàbá.

"Níbo lo wà lánàá? Mo wo ọ̀nà títí ojú ń ro mí."

"Ara ìyá mi ni ò yá, sà. Wọ́n ti gbádùn."

"Kí o ránṣẹ́ sí wa! Nọ́ọ̀sì yẹn ń wá ọ. Wọ́n fẹ́ kun gbogbo ilé ìwòsàn wọn. Ó ní ṣé mo mọ akunlé tó ṣeé fọkàn tán. Mo ní mo mọ ọ̀kan, mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

Omi lé ròrò sójú akunlé. "Ẹ ṣeun, bàbá. Ọ̀rọ̀ kan tún wà..."

"Mo mọ̀ ọ́n. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣé o rò pé n ò rí ọ látìgbà tó o ti ń bi mí léèrè orúnkún? Lọ bi ọmọ mi fúnra rẹ̀. Bó bá gbà, èmi náà gbà."

Nígbà tí iṣẹ́ ilé ìwòsàn parí, akunlé gba ilé kékeré kan, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún. Ó ránṣẹ́ pe olólùfẹ́ rẹ̀ pé kó wá wọn fèrèsé. Aṣọ funfun ọjọ́sí ló wọ̀ wá, èyí tí búlúù èjìká rẹ̀ kọ̀ tí kò ṣí. Kò tíì gbẹ́sẹ̀ wọlé tán tí akunlé fi figbe ta, tí aládùúgbò yọjú.

"Má fara ti ògiri o! Ọ̀dà ò tíì gbẹ!"

"Háà! Ẹnu ti là!"

"Ó ku ọ̀kan. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo fẹ́ ká jọ máa gbé ibí, kí n máa bá ọ sọ̀rọ̀ títí tá a ó fi darúgbó. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu obìnrin náà, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo ògiri tó ń dán. Ó wá rọra fi èjìká kejì, èyí tó ṣì funfun, ti ògiri náà, ó sì dúró síbẹ̀.