Ọwọ́ Tí Owó Gbà Kọjá

Owó náà wọlé lọ́sàn-án gangan, bí ẹ̀gbọ́n ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹsẹ̀ tábìlì. Ó gbé fóònù, ó wò ó, ó nu ojú, ó tún wò ó.

"Bọ́lùwọlé, ta ni mo kan tábìlì fún tó san irú owó báyìí?"

Orúkọ tí àwọn ọ̀rẹ́ fún àbúrò rẹ̀ nìyẹn, torí kò sí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá láyé yìí tí kì í ta tẹ́tẹ́ lé lórí. Àbúrò rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Owó mi ni. Àkáǹtì yín ni mo fi gbà á."

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Ìka rẹ̀ kọ̀, kò ṣí. Ó fi ọwọ́ òsì fà wọ́n. Ìka tó kéré jù dá péú, ó já bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Inú rẹ̀ funfun, ó ní ìlà, ó sì ń rùn bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Bọ́lùwọlé mú ìka náà nílẹ̀. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.

Òfin tuntun ló dá a sílẹ̀. Ìjọba ò ní kí ẹnikẹ́ni má ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù. Wọ́n kàn ní báńkì tàbí ẹnikẹ́ni tó ní àkáǹtì ò gbọdọ̀ bá ilé tẹ́tẹ́ gba owó tàbí kó bá a san án. Ẹ̀rọ báńkì á wo iṣẹ́ ẹni tó fi owó ránṣẹ́, á wo iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ gbà á. Bó bá ti gbóòórùn tẹ́tẹ́, á ti ilẹ̀kùn. Àsìkò yẹn gan-an ni Bọ́lùwọlé jẹ owó tẹ́tẹ́ tó tóbi jù láyé rẹ̀. Owó ń bẹ lójú fóònù, kò ṣeé ná.

Ọ̀rẹ́ kan mú un lọ sọ́dọ̀ adáhunṣe, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù táyà. Oòrùn ń mú lóde, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi pákó kan fèrèsé pa, inú yàrá ṣú bíríbírí. Nǹkan kan ń mí ní igun. Adáhunṣe jókòó lórí táyà, ó ń jẹ bisikíìtì.

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ lẹ máa gbà, bàbá?"

"Ta ló béèrè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ? Orúkọ ni mo fẹ́. Ẹni tí owó máa gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá."

Bọ́lùwọlé rò pé ọ̀rọ̀ àkáǹtì ni. "Ẹ̀gbọ́n mi. Káfíńtà ni." Ilé tẹ́tẹ́ ní orúkọ kejì tó fi ń díbọ́n pé òun ń ra àga. Bí olùra àga bá san owó fún káfíńtà, ẹ̀rọ wo ló máa fura?

Adáhunṣe da omi dúdú sórí fóònù. "Owó tí òfin dè, tú. Owó tó há, gbéra. Gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé."

"Gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé," ohun tó ń mí ní igun dáhùn.

Bí ìka ẹ̀gbọ́n ti wá já bọ́ báyìí, Bọ́lùwọlé sá padà sọ́dọ̀ adáhunṣe.

"Bàbá, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti di igi."

"Ó dé ibo?"

"Ọrùn ọwọ́."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

"Èmi ni mo ta tẹ́tẹ́. Ẹ mú èmi."

Adáhunṣe gbọn èérún bisikíìtì kúrò ní irùngbọ̀n. "Ẹ̀yin ọmọ yìí ò ka òfin. Ṣé wọ́n ń mú ẹni tó ta tẹ́tẹ́ ni? Ẹni tó bá wọn gbé owó kọjá ni wọ́n ń mú. Èmi náà ò mú ọ. Dá owó padà fún ilé tẹ́tẹ́ kí igi tó dé èjìká. Bó bá kọjá èjìká, àyà ló kàn."

Ní báńkì, ẹ̀gbọ́n gbé apá lé káńtà. Ó dún kó. Akọ̀wé obìnrin náà tẹ bọ́tìnnì, ó mi orí.

"Ilé tẹ́tẹ́ lẹ fẹ́ san án fún, sà. Ẹ̀rọ ò gbà."

"À ń dá a padà ni, àǹtí," Bọ́lùwọlé bẹ̀bẹ̀. "A ò ta nǹkan kan."

"Mo gbọ́. Ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó ń ta yàtọ̀ sí ẹni tó ń dá padà."

"Ẹ fi ránṣẹ́ sí olùra àga tó san án nígbà náà."

"Àkáǹtì yẹn ń sanwó ni, kì í gbà á." Ó tún ojú kọ̀ǹpútà wò, ó sì fa tẹlifóònù mọ́ra. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní láti sọ èyí fún àwọn ọ̀gá mi."

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, igi ti kọjá ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ìgbànú di apá lókè pinpin.

"Mú ayùn. Gé e lókè ibi tí igi dé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè ṣe é."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé kó o wá kọ́ṣẹ́, o ní bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Ó yá, kọ́ ọ. Má tẹ ayùn mọ́lẹ̀, fà á ni."

Bọ́lùwọlé fà á. Eyín ayùn wọ ẹran, ẹ̀jẹ̀ gbóná tú sí i lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ké títí ohùn fi tán. Ayùn kan egungun, ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń fá ìkòkò, Bọ́lùwọlé sì ń fà á, ó ń sunkún. Apá náà já bọ́, ó dún gbàù bí pákó tó bọ́ lórí òrùlé.

Ọlọ́pàá bá wọn ní ọsibítù.

"Ta ló ni àkáǹtì yìí?"

"Èmi ni," ẹ̀gbọ́n sọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ gba owó tẹ́tẹ́ wọlé. Òfin ò fàyè gbà á."

Bọ́lùwọlé dìde. "Sà, èmi ni mo ta á. Kò mọ nǹkan kan níbẹ̀."

"Ṣé orúkọ rẹ ló wà lórí àkáǹtì?"

"Rárá, sà."

"Jókòó. Kò sí òfin tó mú ìwọ."

Ó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ há ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n, ó sì ń tọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ìbora láti wá ọwọ́ kejì. Ó wá a títí. Kò rí nǹkan kan.

Bọ́lùwọlé na ọwọ́ tirẹ̀ sí i.

Ọlọ́pàá gbá a kúrò, ó sì fi ìyókù irin náà há ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.