Oúnjẹ Ọkọ Dafina

Ohun tí ẹ ń fura sí yẹn, òun náà ni: wọ́n máa fẹ́ra. Ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú dúró lẹ́bàá sàréè kan, obìnrin kan kúnlẹ̀ lẹ́bàá èkejì, ìgò wáìnì wà láàárín wọn. Kí ni ẹ tún fẹ́ kó ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ ọ́ síta, kọ́kàn yín balẹ̀, ká lè wo bí Gavril Drumev, ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe fi ìgbéraga rìn débẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, nígbà ìrúwé, ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń gbé oúnjẹ lọ sí itẹ́ òkú fún àwọn òkú wọn. Gavril dé fìlà pupa tó fi ń ṣiṣẹ́ nígbà kan, ó fi epo yí irun ètè rẹ̀ sókè, ó sì fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú lábẹ́ ẹ̀wù. Ìgbà náà ló rí i. Irun obìnrin náà funfun, ó gé e mọ́lẹ̀ bíi ti ọmọkùnrin, oòrùn sì là á létí kọjá tí etí méjèèjì fi pọ́n bí òdòdó. Ó ń fi ọ̀bẹ ìdáná ha èérí lára òkúta sàréè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Rada, ìyàwó Gavril. Òjò ti jẹ orúkọ tó wà lára òkúta náà tán. Àwòrán nìkan ló kù: ọkùnrin arẹwà kan, tí irun ètè rẹ̀ (Gavril ò fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀mejì) nípọn ju tirẹ̀ lọ.

"Ọkọ yín ni?" ni Gavril bi í.

Obìnrin náà wo òkúta, ó wo Gavril, ó tún wo òkúta.

"Ọkọ mi ni. Lazar." Ó na abọ́ àlìkámà sísè tí wọ́n bu ṣúgà lé sí i. "Ẹ gbà, ọ̀gá, nítorí ẹ̀mí rẹ̀."

"Ẹ ṣeun, màmá. Mo ti jẹun."

"Ẹni tó ti jẹun kì í di ṣòkòtò mú báyẹn. Àbí ẹ fẹ́ kọ̀ fún òkú ni?"

Ta ló jẹ́ kọ̀ fún òkú? Lọ́dọ̀ tiwọn, èèyàn lè kọ oúnjẹ ọba kó sì sùn dáadáa. Oúnjẹ tí wọ́n bá fi fúnni nítorí ẹ̀mí òkú nìkan ni a kì í kọ̀. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ẹnu òkú ló dí. Gavril gba ṣíbí. Ó jẹ ẹ́, ó ní, "Kí Ọlọ́run dárí jì í," gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé ó mọ adùn ṣúgà náà.

Torí láti ọdún mẹ́ta tí Rada ti lọ, bébà ni gbogbo oúnjẹ dà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́sàn-án, Tsonka, obìnrin tó ń pín oúnjẹ kiri, máa ń gbé ọbẹ̀ wá fún un nínú agolo láti ilé ìdáná tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń bọ́ àwọn àgbà. Gavril á dúpẹ́, á ti ilẹ̀kùn, á sì bu ọbẹ̀ fún ológbò. Kò sí ibòmíràn nílùú náà tí ológbò ti sanra tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó ti rù, á ní ọkùnrin tó níyì kì í yọkùn. Àmọ́ Violeta, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Sípéènì, ti sọ ọ́ lórí fóònù: "Bàbá, tí mo bá dé lóṣù kẹsàn-án tí ẹ ṣì rí bí igi, Ilé Àwọn Àgbà ní ìlú Ruse lẹ̀ ń lọ. Ọ̀rọ̀ ti parí." Gavril, tó ti pàṣẹ fún ọkọ̀ ojú irin fún ogójì ọdún, ni wọ́n fẹ́ tò mọ́ra lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹrù tí kò lólówó.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Dafina, obìnrin ẹ̀gbẹ́ sàréè náà, kan ilẹ̀kùn Gavril, ó fi aṣọ ìnura yí ìkòkò.

"Mo lálàá Lazar. Ó ní ebi ń pa òun."

Ìyẹn náà ní òfin tirẹ̀: bí òkú bá wá sójú àlá pé ebi ń pa òun, ilẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣú kí o tó fún ẹnì kan lóúnjẹ. Gavril na ọwọ́ sí àga.

"Ṣé Lazar ń jẹ púpọ̀?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni òkú ń jẹ." Abọ́ kékeré ló bu fún un, ó bu tirẹ̀ náà, ó sì jókòó. "Wọn kì í fẹ́ ká dá nìkan jẹ ẹ́."

"Ata yìí pọ̀ o, Màmá Dafina. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà pọ̀."

"Ahọ́n àgbà máa ń sùn, ọ̀gá. Ẹni tó bá fẹ́ jí i, á kan ilẹ̀kùn gbọingbọin."

Báyìí ni àlá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Nígbà tí Lazar sinmi díẹ̀, àǹtí Dafina kan dé sójú àlá. Lẹ́yìn náà, àbúrò bàbá rẹ̀ tí béárì pa.

"Béárì?" ni Gavril wí, ẹnu rẹ̀ kún fún wàràkàṣì.

"Béárì ńlá. Ó fẹ́ràn wàràkàṣì."

"Béárì náà?"

"Ẹ jẹun, ẹ̀yin náà!"

Tsonka bá wọn lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Ìdílé yín mà ń kú o, màmá! Ṣé ó ku ẹnì kan?"

Lójú Gavril, àánú lòun ń ṣe. Opó ni obìnrin yìí, ó nílò ẹni tó máa bá a ṣọ̀fọ̀. Ta ló tún yẹ bí kò ṣe ọmọlúwàbí ọkùnrin, tó ní fìlà, tó sì ní àkókò? Ó ń fi ọlá jẹun. Ìgbànú tó ti lu ihò tuntun sí bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ihò àtijọ́, ó sì ka ìyẹn mọ́ ìfara-ẹni-rúbọ rẹ̀.

Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á jókòó sábẹ́ àjàrà, Gavril á máa sọ ìgbà àtijọ́ fún un: ọkọ̀ ojú irin Varna tó máa ń dé lọ́sàn-án gangan, àwọn obìnrin tó ń na èso sí àwọn èrò lójú fèrèsé, èéfín, fèrè, ọmọ ológun tó ń sunkún tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Láàárín ọkọ̀ méjì, Rada á gbé ìkòkò amọ̀ tó kún fún ẹ̀wà wá, á fi ẹ̀wù àtijọ́ yí i kó má bàa tutù, wọ́n á sì jọ jẹ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì.

"Báyìí, koríko ti bo irin," ni Gavril wí.

"Kí ló ń fi sẹ́wà yẹn?"

"Mi ò mọ̀. Jíjẹ ni tèmi."

"Ọkùnrin!" ni Dafina wí.

Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé ìkòkò amọ̀ kan dé. Gavril ṣí ìdérí. Òórùn ewé míńtì gbọ̀nà ẹ̀wà jáde, bíi ti Rada gẹ́lẹ́. Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́yìn àjàrà fún ìgbà díẹ̀, ó ń ká ewé tí kò ṣe é ní nǹkan. Nígbà tó padà, ó jẹ abọ́ méjì. Ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lálàá kankan, kò sì sẹ́ni tó rántí bèèrè.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni nǹkan bà jẹ́. Dafina gbé ata tí wọ́n ki ẹran sí nínú wá, ó ní, "Lazar fẹ́ràn èyí jù."

Gavril fi fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Lazar, Lazar! Ṣé kì í yó ni? Ikùn mi ló ń jẹun sí! Kí ló dé tí ẹ ò kúkú gbé e lọ bá àwòrán rẹ̀? Mi ò jẹ."

Ó ti kọ oúnjẹ òkú. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ bí ó ti bọ́ sílẹ̀. Dafina ká aṣọ ìnura rẹ̀, ó gbé ìkòkò, ó lọ. Kò padà wá.

Ohun tó ya Gavril lẹ́nu ni pé ebi ń pa á. Ebi gidi, tó ń kùn nínú rẹ̀ bí ọkọ̀ tí wọn ò fún ní ọ̀nà. Àmọ́ bó bá ti jókòó ti abọ́ lóun nìkan, á tún ti abọ́ náà sẹ́yìn. Oṣù kẹsàn-án sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

Tsonka wo agolo tó kún padà. "Bàbá, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà ìrúwé lẹ ti ń jẹ oúnjẹ òkú olóòkú, ẹ ò bẹ̀rù. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàyè lẹ wá ń bẹ̀rù?"

Gavril fọ́ ẹyin, ó gé ata, ó dín in pọ̀. Apá kan jóná, apá kejì ò jinná. Ó dé fìlà pupa, ó gbé páànù tó fi dín in gba àárín ìlú kọjá níṣojú gbogbo ayé, ó sì kan ilẹ̀kùn yàrá tí Dafina háyà.

"Mo lálàá Rada," ni ó wí.

"Ebi ń pa á?"

"Rárá. Ó ní ebi ń pa ìwọ."

Dafina ò lè kọ̀ ọ́. Òkú ló fi ránṣẹ́. Ó gba fọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá tó jóná. Ó ní, "Kí Ọlọ́run dárí jì í." Lẹ́yìn náà ó ní, "Kó dárí ji ẹni tó sè é náà."

Gavril ṣí fìlà. "Dafina, má rò pé òmùgọ̀ ni mí. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Àǹtí yẹn, àbúrò bàbá, béárì... irọ́ ni. Torí kí n lè jẹun ni."

"O ti mọ̀?"

"Ojú mi ti rí nǹkan láyé." Àyà rẹ̀ wú díẹ̀. "Mo fi ẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ti Lazar yàtọ̀. Ọkọ ẹni lọkọ ẹni. Mo ti rò ó. Mo gbà láti ṣe ìkejì. Màá máa bá ẹ lọ síbojì rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, màá máa jẹun nítorí ẹ̀mí rẹ̀ títí tèmi náà á fi dé. Irun ètè rẹ̀ pàápàá..." Èyí ló ṣòro jù. "...ó dáa ju tèmi lọ. Fẹ́ mi, ìfẹ́ mi."

"Màá fẹ́ ẹ," ni Dafina wí, kò tiẹ̀ jẹ́ kó parí.

Gavril dúró gbagidi láàárín yàrá, ọkùnrin tó ti ṣẹ́gun owú, tó ti fi àyè sílẹ̀ fún òkú. Dafina fi búrẹ́dì nu ìsàlẹ̀ páànù, ó jẹ ẹ́, ó nu ọwọ́.

"Gavril, jókòó. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n ti tọ́ mi. Mi ò ní òkú kankan. Gbogbo ìlú ń lọ sí itẹ́ òkú lọ́jọ́ yẹn, èmi náà bá se àlìkámà, mo wá òkúta sàréè tí kò lẹ́nì kankan. Ìwọ lo ní ṣé ọkọ mi ni. Mi ò lọ́kọ rí láyé mi."