Ìwé Agbẹ̀bí Tó Pòórá Nínú Fóònù

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o! Wọ́n fẹ́ gba ìwé mi!"

Àbúrò mi ló já wọ ilé ìkàwé tí mò ń tọ́jú bẹ́ẹ̀, tòun ti aṣọ iṣẹ́ agbẹ̀bí lọ́rùn. Ó na fóònù sí mi. Ilé iṣẹ́ tó ti ra ìwé ìgbẹ̀bí orí fóònù lọ́wọ́ wọn kọ̀wé pé àwọn ń kógbá sílé lọ́jọ́ Ẹtì, àti pé gbogbo ìwé táwọn ti tà kò ní ṣeé ṣí mọ́. Ọjọ́rú la sì wà lọ́jọ́ náà.

"Ṣebí mo rà á ni? Àbí mo yá a?"

"Àyè láti kà á ni wọ́n tà fún ẹ. Wọ́n ti àgádágodo mọ́ ọn, ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kò lè ṣí níbòmíì àfi nínú áàpù wọn."

"Kí ló dé tí wọ́n wá kọ 'Rà á' síbẹ̀?"

Irọ́ pọ́ńbélé ni, inú sì bí mi gidigidi.

Ọ̀rọ̀ náà tún ju ìwé lọ. Ọdún mẹ́fà ni àbúrò mi ti ń kọ ohun tó rí nídìí iṣẹ́ sétí ìwé náà. Òun ló fẹ́ fi kọ́ àwọn agbẹ̀bí tuntun lọ́jọ́ Ajé.

"Ìwé bébà ẹ ńkọ́?"

"Mo ti fi ta èèyàn lọ́rẹ. Mo ní gbogbo ẹ̀ ti wà lápò mi."

Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù, àmọ́ ta ló ta àbúrò mi fún wọn?

Mo mú bírò. "Jókòó. Máa ka àkọsílẹ̀ ẹ, màá máa kọ ọ́."

A kọ ọ́ títí ọwọ́ mi fi wú. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó ń kà á lọ lọ́wọ́ ni ojú fóònù bá di funfun, ìwé náà ti lọ. Ó ku ojú ìwé mẹ́rin.

"Ti ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kọ̀ tí ò dá ló kù," ó wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ẹ lè gbé ìwé náà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ìwé tí kò ní àgádágodo wà, ẹ wá a. Ẹ má kọ ìmọ̀ yín sínú ohun tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ ní ẹ̀dà tiyín nílé. Kí ẹ sì pariwo sétí àwọn aṣòfin yín: ẹni tó bá ń tà, kó tà á pátápátá, ẹni tó bá ń yáni, kó sọ ọ́ ní gbangba.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí àbúrò mi dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ níwájú àwọn agbẹ̀bí tuntun, ó ṣí ohun tí a kọ wò, kò sí i níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n rántí."