Káàdì Ajá Tó Ti Kú

Bàbá Sàlàkọ́ kò jókòó. Aasiyah gbé àga fún un, ó ní kò pọn dandan. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ń wo Bíńgò níbi tí wọ́n so ó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi.

"Ta ló ni ajá yìí?"

"Èmi ni, sà. Bàbá mi mọ̀ sí i."

"Káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dà?"

Aasiyah kò ní káàdì kankan. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Bíńgò tíì lò ládùúgbò wọn ní Ìgàndó. Ilé kan lọ́nà Command, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ajá tí kò nílé, ni wọ́n ti fún un. Jàfárù, bàbá rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, ló buwọ́ lùwé. Mùsùlùmí ni wọ́n. Kò fẹ́ ajá nílé rárá tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí àwọn olè kó wáyà ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. "Ajá ìṣọ́ lẹ̀sìn gbà láyè," ló wí. "Ìta ni kó máa gbé. Abọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kan abọ́ wa." Dókítà Yẹ́misí, dókítà ẹran tó wà níbẹ̀, ṣàlàyé fún wọn pé ara Bíńgò kò tíì yá tó fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ó dá Ọjọ́rú kan fún wọn pé kí wọ́n mú un padà wá.

Ọjọ́rú ọ̀hún ṣì ku ọjọ́ márùn-ún.

"Sọ́ńdè ni ìpàdé ẹgbẹ́ onílé," Bàbá Sàlàkọ́ wí. Òun ni alága wọn. "Ajá tí kò bá ní káàdì lọ́jọ́ náà kò ní sùn ládùúgbò yìí mọ́. Mi ò bá ẹ jà o. Òfin ni."

Ó yí padà, ó ń lọ. Ó yẹ kí Aasiyah sáré tẹ̀ lé e. Ó yẹ kó sọ pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, Ọjọ́rú ni wọ́n dá fún wa. Gbólóhùn kan ni. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́.

Ilé Hope, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló gbà lọ. Hope gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Nítorí èyí lo ṣe ń sunkún? Káàdì Rẹ́sì ṣì wà nílé wa." Rẹ́sì ni ajá wọn tó kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá.

"Káàdì Rẹ́sì kọ́ ni wọ́n ń béèrè."

"Rẹ́sì pupa, Bíńgò pupa. Àbí Bàbá Sàlàkọ́ máa bi ajá léèrè orúkọ bàbá rẹ̀ ni? Gbà á jàre. Tó bá di Ọjọ́rú, wàá gba tìrẹ."

Aasiyah wo káàdì náà. Omi ti ba ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni ajá sí jẹ́. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó mú un.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Bàbá Sàlàkọ́ gbé awò sójú. "Rẹ́sì ni wọ́n kọ síbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Rẹ́sì lorúkọ inú ìwé. Àwa là ń pè é ní Bíńgò."

Alága mi orí, ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́. "Ọmọ gidi ni ẹ́. Àwọn àgbà tó lájá ò tíì mú tiwọn wá." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ojú tì í.

Nígbà tí Ọjọ́rú pé, kò lọ. Bí ẹnì kan bá rí káàdì méjì fún ajá kan ńkọ́? Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé dókítà ti sún ọjọ́ síwájú. Irọ́ kì í dá rìn; bí ọ̀kan bá ti wọlé, yóò pe èkejì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ilé ìwé, ó gbọ́ igbe. Zulaihat, ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan náà, ló lọ mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ nítòsí abọ́ ajá. Bíńgò ti gé e jẹ ní ojúgun. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ inú sálúbàtà rẹ̀.

Ìyá Zulaihat jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun. "Yéè! Ọmọ mi! Ṣé kì í ṣe ajá tó ní dìgbòlugi nìyí? Ẹ bá mi pe kẹ̀kẹ́, ká lọ sí ọsibítù!"

Bàbá Sàlàkọ́ ti dé. "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá ọmọ. Ajá yìí ti gbabẹ́rẹ́. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí káàdì rẹ̀. Ẹ sáà fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́."

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

Ìyá Zulaihat mí kanlẹ̀. Wọ́n fọ egbò náà, wọ́n sì fi aṣọ dì í. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ọsibítù mọ́.

Aasiyah di ṣéènì Bíńgò mú. Láti àná ni ajá náà ò ti jẹun dáadáa. Ó wo itọ́ ẹnu rẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀. Kò mọ ohun tó ń wò. Ohun tó mọ̀ ni èyí tí tíṣà wọn sọ: bí dìgbòlugi bá ti fojú hàn lára èèyàn, kò sí oògùn fún un mọ́.

Zulaihat ń tiro bọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. "Àǹtí Aasiyah, ṣé ẹ lu Bíńgò ni? Ẹ má lù ú o. Kò dùn mí púpọ̀ mọ́."

Aasiyah fa Bíńgò lọ sídìí òpó. Ó so ó. Ó lọ síwájú Ìyá Zulaihat àti alága. Ó kúnlẹ̀.

"Kò gbabẹ́rẹ́, mà."

"Kí lo wí?"

"Káàdì yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Ajá tó ti kú ló ni ín. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, nísinsìnyí."

Ìyá Zulaihat kò nà án. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo àjèjì, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì sáré jáde. Bàbá Sàlàkọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ìyẹn dun Aasiyah ju ìgbájú lọ.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní wọ́n tètè dé. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dọ̀la. Wọ́n gún Zulaihat létí egbò náà gan-an, ọmọ náà ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló máa gbabẹ́rẹ́ láàárín oṣù kan.

Dókítà Yẹ́misí wá mú Bíńgò lọ lọ́jọ́ náà kí ó lè ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Jàfárù dọ̀bálẹ̀ fún bàbá Zulaihat níwájú gbogbo ará ilé. Aasiyah kò tíì rí bàbá rẹ̀ kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kò tó o lọ́jọ́ orí rí.

Ọjọ́ mẹ́wàá pé. Ibà lásán ló ń ṣe Bíńgò. Kò ní dìgbòlugi.

"Ṣé mo lè mú un lọ sílé, mà?" Aasiyah béèrè.

"Rárá," Dókítà Yẹ́misí dáhùn. "O ti da àdéhùn Ọjọ́rú. A máa wá ilé mìíràn fún un. O rò pé torí alága yín ni wọ́n ṣe ń kọ káàdì. Torí ẹni tí ajá bá gé jẹ ni. Òun ni káàdì ń bá sọ̀rọ̀. O jẹ́ kó parọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́fà."

Gbogbo ìgbà tí Zulaihat lọ gbabẹ́rẹ́ ni Aasiyah bá wọn lọ. Òun ló ń gbé báàgì. Ọmọ náà kì í jẹ́ kó di ọwọ́ òun mú mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìkarùn-ún, Ìyá Zulaihat bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn.

"Mo ti dárí jì ẹ́. Bí o bá dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò bá má lè dárí jì ẹ́ láéláé. Ṣùgbọ́n Aasiyah, bí o bá sọ fún mi lónìí pé òjò ń rọ̀, màá kọ́kọ́ yọjú wo ìta ná."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Aasiyah wí. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó gba òun gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, òfin tí ẹ bá rí tó dà bí wàhálà lásán, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ìdí rẹ̀. Bí àkókò kò bá bá a mu, ẹ bẹ̀bẹ̀, ẹ tọrọ ọjọ́ sí i. Ẹ̀bẹ̀ kì í pa èèyàn. Ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ẹni tó bá parọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń ta tẹ́tẹ́. Bí irọ́ náà bá sì ti jáde lẹ́nu, ẹ tètè lọ jẹ́wọ́, bí ojú tilẹ̀ máa tì yín.