Ta Ni Dípọ̀ Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún?

"Ó ti kú," ni awakọ̀ kẹ̀kẹ́ náà wí. Ó na ìka sí pátákó ìpolówó ńlá tó wà ní oríta ELWA. "Ẹni tó bá wà láàyè kì í sùn báyẹn."

"Kò kú o," ni ìyá kan tó gbé agbọ̀n ẹja lé itan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. "Àdúrà ló ń gbà. Ṣé ẹ ò rí i pé aṣọ funfun ló wọ̀ ni?"

Raheemah, tó há sí ẹ̀gbẹ́ ìyá ẹlẹ́ja nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò dá sí wọn. Ó gbójú sókè wo pátákó náà. Dípọ̀ rèé, ọ̀dọ́mọkùnrin olórin tí gbogbo Monrovia ń jó sí orin rẹ̀, ó nà gbalaja, àyà rẹ̀ kan erùpẹ̀ pupa. Àga onígi kan wà níwájú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jókòó lé e. Wọn ò kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀ ju Tàbólíńkì lọ, orúkọ ilé-iṣẹ́ fóònù àti ayélujára tó gbé ìpolówó náà jáde.

Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí pátákó yìí ti dé, ìlú ò sì sinmi. Ní ilé àtáì, níbi tí àwọn ọkùnrin ti máa ń mu tíì gbígbóná, tí wọ́n sì ń fi ẹnu lásán tún orílẹ̀-èdè ṣe, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn nítorí àga. Àwọn kan ní Dípọ̀ ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Pásítọ̀ kan sọ lórí rédíò pé ẹ̀mí àìrí ló jókòó síbẹ̀. Dípọ̀ fúnra rẹ̀ wà ní òkè òkun, ilé-iṣẹ́ náà sì ti bá a ṣe àdéhùn pé kò gbọdọ̀ la ẹnu títí wọn yóò fi tú àdììtú náà fún ìlú. Ẹ ò rí ayé bí? Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ dákẹ́, ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló ń pariwo.

Ṣùgbọ́n Raheemah mọ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni kò ní mọ̀? Dípọ̀ ń dọ̀bálẹ̀ ni, àgbà ló ń kí. Ọmọ Tíṣà Akínrẹ̀mí tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Barnersville ni, ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n sì fi tọ́ ọ dàgbà. Raheemah tiẹ̀ ní fọ́tò kan nínú fóònù rẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ yà ní ọdún méjì sẹ́yìn. Dípọ̀ ló dọ̀bálẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìkòkò kan lọ́jà Paynesville, tí Àlájà Táwà tó ni ín, ìyá tó bí ìyá Raheemah, jókòó lórí àga, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń ṣàdúrà fún un. Nígbà tí ìyá Dípọ̀ kú, ọ̀dọ̀ Àlájà yìí ló ti jẹun fún ọdún mẹ́rin gbáko. Títí di òní, kò lè gba ọjà Paynesville kọjá kó má yà kí i.

Kí ló wá dé tí Raheemah kò sọ̀rọ̀ nínú kẹ̀kẹ́? Ìtìjú ni. "Naijíríà" ni wọ́n ń pè é nílé-ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kan, àwọn kan nínú kíláàsì rẹ̀ rí i níbi tó ti kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà lẹ́bàá títì. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi oṣù kan. Wọ́n á ní, "Naijíríà, kúnlẹ̀ ká rí i," wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Raheemah, ohun kan ṣoṣo tó sì ń wù ú láyé ni kí Dorothy pe òun ní ọ̀rẹ́.

Dorothy ni ayaba kíláàsì wọn. Kò sẹ́ni tó fi í jẹ, òun ló fi ara rẹ̀ jẹ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ènìyàn ló ń tẹ̀lé e lórí Facebook, tó bá sì sọ pé bàtà ẹnì kan kò dára, olúwa rẹ̀ á fẹ́ máa rìn láìwọ bàtà.

Ní àkókò ìsinmi lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn yí Dorothy ká lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀rọ̀ àga náà ni wọ́n ń sọ.

"Mo mọ Dípọ̀," ni Raheemah ṣàdédé wí.

Dorothy wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ? Níbo lo ti mọ̀ ọ́n?"

Raheemah yọ fóònù rẹ̀. Kò tíì ṣí fọ́tò náà tán tí orí mẹ́wàá fi bò ó. Dorothy sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ohun tí kò ṣe rí. Inú Raheemah dùn débi pé kò mọ ìgbà tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ni ìyá yìí?" Dorothy bi í.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Kò ju kó ní, "Ìyá ìyá mi ni," kó sì parí. Ìdáhùn náà ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ojú wọn, ó rántí yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fi òun ṣe, ó sì gbé e mì.

"Ìyá kan tó ń ta ìkòkò lọ́jà ni. N kò mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Kí ló dé tí Dípọ̀ fi sùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀?"

"Kò yé èmi náà. Ohun tí ìyá yẹn bá ní kó ṣe ló máa ń ṣe."

Dorothy fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká jẹ́jẹ́. "Fi ránṣẹ́ sí mi, ọ̀rẹ́ mi."

Nítorí "ọ̀rẹ́ mi" yẹn, Raheemah fi ránṣẹ́. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ará. Bó bá bọ́, kì í ṣe é kó.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fọ́tò náà ti wà lójú-ewé Dorothy. "Ẹni tó ni àga rèé," ló kọ sábẹ́ rẹ̀. "Ohun tó bá sọ ni Dípọ̀ ń ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ìkòkò ní Paynesville." Ọwọ́ ìlú wá tẹ ẹni tí wọ́n ti ń wá. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ènìyàn dúró sí òdìkejì títì, wọ́n ń fi fóònù ya Àlájà Táwà bí ẹni ń ya ẹran inú àgò. Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan dá ìkòkò tó ti ń lò láti oṣù méjì padà, ó ní òun ò lè fi ohun èlò àjẹ́ se ọbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ra nǹkan mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ẹni tó ni ilé ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tán ní Sátidé, kí Àlájà palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ọdún kejìdínlógójì rèé tí obìnrin yìí ti ń tajà ní Monrovia. Ogun dé, ogun lọ, kò sá. Àpò gààrí kan tó kù sí i lọ́wọ́ nígbà ogun, ife ife ló fi bù ú fún àwọn ará àdúgbò, láìbéèrè èdè tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wá fẹ́ ṣe ohun tí ìbọn ò lè ṣe.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Raheemah gba ṣọ́ọ̀bù lọ láti ilé-ẹ̀kọ́. Ó bá ìyá àgbà níbi tó ti ń nu eruku kúrò lára àwọn ìkòkò.

"Ìyá àgbà, èmi ni mo fi fọ́tò náà síta."

"Mo mọ̀. Ta ló tún ń ya fọ́tò nínú ṣọ́ọ̀bù yìí bí kò ṣe ìwọ?" Àlájà kò gbójú sókè. "Fọ́tò náà kò burú. Fọ́tò dáadáa ni."

"Wọ́n bi mí pé ta ni yín." Omi ti gba ojú Raheemah. "Mo ní n kò mọ̀ yín dáadáa."

Ọwọ́ Àlájà dúró lórí ìkòkò. Kò pariwo, kò sì ṣépè. Ó kàn fa àga sún mọ́ra, ó jókòó.

"Àjẹ́ tí wọ́n pè mí kò dùn mí tó èyí," ló wí. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, Raheemah. Ìwọ fi ẹsẹ̀ júwe tèmi."

Raheemah sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. "Kí ni kí n ṣe báyìí?"

"Gbangba lo ti sẹ́ mi. O ti mọ ibi tó yẹ kó o ti jẹ́wọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Ma Kẹ̀bẹ́, olórí àwọn obìnrin ọjà, dé pẹ̀lú àwọn obìnrin mọ́kànlá. Àṣà ọjà náà ni pé wọn kì í lé ẹnikẹ́ni láìjókòó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Wọ́n to àga síwájú ṣọ́ọ̀bù, èrò sì pé bìbà, wọ́n tó igba. Dorothy wà láàárín wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì. Raheemah ló pè é, ó ní kó mú fóònù rẹ̀ dání.

"Ómà Táwà," ni Ma Kẹ̀bẹ́ wí. Ómà ni wọ́n ń pe ìyá àgbà ní Monrovia. "A ti mọ ara wa tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba ọjà. Kí ló pa ẹ̀yin àti olórin yẹn pọ̀?"

Kí Àlájà tó dáhùn, Raheemah ti jáde síwájú. Ó kúnlẹ̀ lórí erùpẹ̀, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ìyá àgbà." Èdè Yorùbá ló fi sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ọjà lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí èrò láìdìde, ó wá fi èdè Monrovia bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ìyá ìyá mi ni. Òun ló tọ́ mi, òun náà ló bọ́ Dípọ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nílẹ̀ wa, bí obìnrin bá ń kí àgbà, á kúnlẹ̀. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀. Ìkíni ni, a ò sin ẹnikẹ́ni ju Ọlọ́run lọ. Mo mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ tí Dorothy bi mí, mo sì purọ́, torí pé n kò fẹ́ kí ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in báyìí. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ma Kẹ̀bẹ́ yíjú sí obìnrin tó dá ìkòkò padà.

"Bí ọmọ rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, tó ń bẹ̀ ọ́, kí ló máa ń ṣe?"

"Á di ẹsẹ̀ mi mú."

"Nígbà tó di ẹsẹ̀ rẹ mú, ṣé o di òrìṣà ni?"

Ìgbà yìí ni ẹ̀rín wá sọ lọ́jà. "Àwa ń di ẹsẹ̀ mú, àwọn ń dọ̀bálẹ̀," ni Ma Kẹ̀bẹ́ wí. "Ọmọ tó nílé ló ń ṣe méjèèjì." Ó dìde, ó ra ìkòkò tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e rù. Obìnrin tó dá ìkòkò padà náà wá gba tirẹ̀, kò lè wo ojú Àlájà.

Dorothy, tó ti ń fi fóònù rẹ̀ ya gbogbo rẹ̀ ní fídíò, fi í sápò. Ó wá síwájú Àlájà, ó tẹ orúnkún kan bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀, ó ní òun tọrọ àforíjì.

"Orúnkún kejì ńkọ́?" Àlájà bi í.

Dorothy kúnlẹ̀ dáadáa. Kó tó di ọ̀sán, ó ti yọ fọ́tò náà kúrò, ó sì fi fídíò Raheemah rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ni ilé ṣọ́ọ̀bù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ pé kí Àlájà má kó lọ síbì kankan.

Ẹ máa bi mí pé kí wá ni Tàbólíńkì ń polówó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n pààrọ̀ àwòrán orí pátákó. Fóònù kan ni wọ́n gbé sórí àga, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Pe ẹni tó tọ́ ẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́." Gbogbo Monrovia pòṣé. Àlájà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Torí ìyẹn ni mo ṣe di àjẹ́?"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Raheemah gbé àpò náà kọ́ èjìká fún ọjọ́ mẹ́rin péré, gbogbo ìdílé rẹ̀ ló bá a rù ú. Ọ̀rẹ́ tó bá ní kó o sẹ́ àwọn ènìyàn rẹ kó tó lè fẹ́ràn rẹ, kò tíì fẹ́ràn rẹ. Bí ẹ bá sì dé Paynesville láàárọ̀, tí ẹ rí ọmọbìnrin kan tó kúnlẹ̀ sẹ́bàá títì, tó gbé orí sókè láàárín èrò, ẹ má bi í pé kí ló sọ nù. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ń kí.