Koríko Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wendreda

Ọdún mọ́kànlá ni Rosalind Thackray fi wá ẹ̀tọ́ láti tẹ koríko. Ó fi mẹ́rin kàwé gboyè, ó fi mẹ́rin ṣe ìwádìí lórí omi ilẹ̀ àbàtà, ó sì fi mẹ́ta kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wendreda ní Cambridge tó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbìmọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí nìkan ló lè gba àárín koríko àgbàlá kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́, àlejò, àti àwọn obìnrin tí ń tún yàrá ṣe, etí rẹ̀ ni wọ́n ń gbà yí ká, ìbáà jẹ́ nínú òjò. Àyàfi bí ọ̀mọ̀wé kan bá fà wọ́n lọ́wọ́.

Doreen, ìyá Rosalind, gba etí koríko yẹn fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, garawa ní ọwọ́ kan, ìgbálẹ̀ ní ìkejì, kó tó fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ̀tọ́ náà tẹ Rosalind lọ́wọ́, ilé ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sáré lọ.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín."

"Èmi? Kí wọ́n lè sọ pé Doreen ti gbàgbé ara ẹ̀? Lọ rìn ín fún wa, ọmọ mi."

Rosalind kò rìn ín. Ó pinnu pé ẹsẹ̀ ìyá òun àti ti òun ni yóò jọ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Oṣù méjì gbáko ni ọ̀mọ̀wé wa fi ń gba etí bí akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin, ó rí ọkùnrin kan tó gba àárín koríko náà bọ̀, ojú rẹ̀ wà lókè, ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ orin tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ilé ìṣọ́ gíga ṣọ́ọ̀ṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń wò. Ó ga, èjìká rẹ̀ gbòòrò, eruku funfun sì wà nínú irun rẹ̀ dúdú.

"Ọ̀gbẹ́ni! Kúrò níbẹ̀!" Ọ̀gbẹ́ni Bloy, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ti yọ jáde, àkẹtẹ̀ dúdú lórí.

Àlejò náà dúró gbagidi ní àárín gan-an, níbi tí iwájú ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, tí ẹ̀yìn náà sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àánú rẹ̀ fi ṣe Rosalind. Kó tó rò ó, ó ti gbé ẹsẹ̀ sórí koríko, ó sì ti fà á lọ́wọ́.

"Èmi ni mo ni ín, Ọ̀gbẹ́ni Bloy."

"Láti ìgbà wo, Dókítà?"

"Láti ìsinsìnyí."

Àlejò náà mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun. Ọ̀rẹ́ mi Piers, tó ń kàwé níbí, ni mo wá kí. Kò sọ fún mi pé koríko yín ní ọba."

"Kí lẹ ń wò lókè tẹ́ẹ fi gbàgbé ilẹ̀?"

"Òkúta. Mo ń gbẹ́ òkúta ní ìlú Ely. Ẹni tó gbẹ́ èyí ti kú láti ayébáyé, ó ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀. Callum Gedge lorúkọ mi."

Tíì tí Piers pò sílẹ̀ dè é tutù pátápátá.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni Callum ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí i. Òun àti Rosalind a máa rìn lẹ́bàá odò Cam, wọn a máa pín búrẹ́dì aládùn tó ń lẹ̀ mọ́ ìka.

"Olówó orí koríko," ni Callum ń pè é.

"Ọ̀daràn mi," ni òun náà ń dá a lóhùn.

Nínú oṣù Karùn-ún, Rosalind mú un lọ jẹun ọ̀sán Sọ́ńdè nílé ìyá rẹ̀. Doreen gé ẹran màlúù yíyan náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Bloy ti ròyìn fún un.

"Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tó o fi tẹ koríko yẹn, Rosalind, ẹni tó ò mọ̀ rí lo fà lọ́wọ́."

"Mọ́mì, mo pè yín. Ẹ kọ̀."

"Mo kọ̀. Mi ò sọ pé kó o fún ẹlòmíì." Ó yíjú sí Callum. "Mi ò bínú sí ọ, ọmọkùnrin. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí ọmọ yìí lè dìde. Ó wá dìde tán, ó lọ mú ẹni tó ń kúnlẹ̀ jẹun."

Lójú ọ̀nà, Rosalind sunkún. Kò lè fẹ́ ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ kò bá súre fún. Kò sì lè fi Callum sílẹ̀.

"Mi ò ní já ọ gbà lọ́wọ́ ìyá ẹ," ni Callum wí. "Wọ́n sọ òtítọ́. Ẹni tó ń kúnlẹ̀ jẹun ni mí. Jẹ́ kí wọ́n rí bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ ná."

Nínú oṣù Kẹfà, Kọ́lẹ́ẹ̀jì gba Callum láti tún Àtẹ̀gùn Kẹrin ṣe, èyí tí Doreen fọ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n fẹ́ kó kó àwọn òkúta tó ti gbó dànù, kó ra tuntun. Ó ní rárá: ó lè yí wọn dojú dé, kí ìsàlẹ̀ wọn tó ṣì le koko di òkè. Lẹ́yìn náà ló lọ kan ilẹ̀kùn Doreen.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyáàfin Thackray, ìpele kẹta àtẹ̀gùn yín, ṣé ó ti sán kẹ́ ẹ tó débẹ̀?"

"Ìkẹta kọ́. Ìkẹrin ló sán. Ta ló ń sọ ìsọkúsọ fún ọ?" Ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, níbi tí Rosalind ti ń dúró dè wọ́n, Doreen wo garawa Callum fínnífínní. Ó ti ìka bọ omi, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọṣẹ rẹ dà?"

"Mi ò lo ọṣẹ, mà. Omi lásán. Ọṣẹ a máa jẹ irú òkúta yìí."

Doreen yí padà sí ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ṣé o gbọ́? Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi sọ ọ́ fún wọn! Wọ́n ní kí ni obìnrin agbálẹ̀ mọ̀ nípa òkúta!"

"Ẹ̀yin lẹ gba àtẹ̀gùn yìí là, mà. Àwọn àtẹ̀gùn yòókù tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ti bó. Ẹ wá wò ó."

Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn án níbi tí òkúta ti dán bí àwo. Obìnrin náà dúró tì í pẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi í léèrè ohun tó mọ̀ rí nínú ilé yẹn.

Nígbà tí wọ́n jáde sí àgbàlá, Doreen yà sí etí bó ṣe máa ń ṣe. Rosalind na apá sí i.

"Bàtà mi lẹ́rẹ̀," ni ìyá wí.

"Tèmi kún fún eruku, mà," ni Callum wí.

Doreen mú apá ọ̀tún ọmọ rẹ̀, Callum mú tòsì, wọ́n sì tẹ koríko. Ọ̀gbẹ́ni Bloy sáré yọ, ó la ẹnu. Ó rí ẹni tó jẹ́, ó sì ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó dì í mọ́ àyà títí wọ́n fi dé àárín.

Níbi tí ariwo Ọ̀gbẹ́ni Bloy ti dá a dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Callum dúró. "Lọ́jọ́sí, mi ò gbàṣẹ. Lónìí, mo fẹ́ gbà á. Ìyáàfin Thackray, ẹ jọ̀ọ́…"

"Èmi kọ́ lò ń fẹ́. Bi í." Doreen nu ojú rẹ̀. "Mo ti gbà ní tèmi. Ó mọ omi yàtọ̀ sí ọṣẹ."

"Rosalind, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Láti ọjọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Bloy ti bi mí, ọ̀daràn mi, ni mo ti dáhùn."

Wọ́n ṣègbéyàwó nínú oṣù Kẹsàn-án, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí Callum wò tó fi gbàgbé ilẹ̀. Obìnrin márùn-ún ló ṣì ń fọ àtẹ̀gùn Wendreda. Rosalind Gedge jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní gbèsè ìrìn kan: láàárín koríko, ní ọ̀sán gangan, ní apá rẹ̀, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.