Omi Tí A Kì í Dé

Nǹkan kan ń kànkùn nínú ìgò náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni Oyèdìran ti ń gbọ́ ọ lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ n'Ìbàdàn, kọ́, kọ́, kọ́, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, lásìkò tí àwọn obìnrin Ilọ́fà, ìlú rẹ̀, máa ń lọ pọnmi. Ó gbé ìgò sókè, ó yí i po. Omi lásán ló wà níbẹ̀, ó mọ́ lóló.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí bí àwọn ará oko ṣe ń pín igbó àti omi lò láìjà, ìlú ara rẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé a kì í dé omi isun Olómitútù. Ìkòkò gbogbo gbọ́dọ̀ la ẹnu sílẹ̀ títí délé, nítorí omi gbogbo ìlú ni. Ẹni tó bá dé e ti sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó kọ ọ́ tán, ó bu omi sínú ìgò, ó sì dé e pinpin kí eruku má bàa ba àyẹ̀wò jẹ́. Ọ̀mọ̀wé! Ó rò pé èèwọ̀ tí òun kọ sílẹ̀ kò lè mú òun.

Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́tà ìyá rẹ̀, Susanna, dé: “Máa bọ̀. Omi ti kọ̀.” Ó wọ lọ́rì gba Ìlọrin àti Òmù-Àrán délé. Ọyẹ́ mú, ètè gbogbo ará ìlú ti bẹ́. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ bi í bóyá ó ti jẹun. Odò ló mú un lọ tààrà.

Olómitútù kún dẹ́ńdẹ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti igbá bọ omi.

Kọ́.

Igbá ta padà lójú omi bí ẹni pé ó kan dígí. Ewúrẹ́ kan na ahọ́n sí i, ó fà á padà ní gbígbẹ. Àwọn obìnrin dúró ti ìkòkò wọn tó ṣófo.

“Oyè,” ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, “mo gbàdúrà títí, ugbá kò wọ omi. Kí lo mú lọ nínú ulé wa?”

Ìtìjú bò ó ju ẹ̀rù lọ. Ó fa ìgò yọ nínú àpò, ó ṣí i, ó da omi náà padà. Ojú isun mì. Igbá wọlé! Àwọn obìnrin ké hàlèlúyà, wọ́n sáré bù. Ṣùgbọ́n kí ìkòkò kẹwàá tó kún, igbá tún ta padà, bẹ́ẹ̀ ni omi ṣì pọ̀ nísàlẹ̀ tí wọ́n ń wò ó.

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìgò mélòó lo bù?”

Oyèdìran wo ìgò tó ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀. Méjì ni. Èkejì ti wà nínú ọkọ̀ òkun, ó ń lọ bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó mọ ilé tí wọ́n ń gbé e lọ. Wọn kì í ṣí irú rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á tò ó sórí pẹpẹ, wọ́n á kọ orúkọ Ilọ́fà sí i lára, wọ́n á sì máa tọ́jú rẹ̀ títí ayé.